Schokland: Abúlé Tí Omi Lé, Tí Gbígbẹ Tún Ń Lépa

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Alága ìjókòó, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní ìdúró lẹ́yìn nítorí àga kò kárí, ẹ kú ìfaradà.

Ìtàn abúlé kékeré kan nílẹ̀ Nẹ́dálándì ni wọ́n ní kí n wá sọ. Abúlé pọ̀ níbẹ̀ lọ jàǹtìrẹrẹ. Mo lè mú Giethoorn, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣe ìrìn tí ẹlòmíràn ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo lè mú Kinderdijk tó ní ilé ẹ̀rọ alátẹ́gùn 19. Schokland ni mo mú, abúlé tí kò sí ẹnì kan tó ń pa á láṣẹ mọ́, tí kò ní méyọ̀, tí kò ní ọjà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé òun ni ibi àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nẹ́dálándì tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé, lọ́dún 1995.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ, kí a má baà jọ ṣìnà. Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ ìtàn Schokland, wọn a máa sọ ọ́ bíi pé òkun ya wọ ìlú lóru ọjọ́ kan, ó gbé gbogbo wọn lọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ló kọ́kọ́ dà wọ́n. Owó ìtọ́jú odi omi ló tẹ̀lé e. Ìwé àṣẹ ìjọba ló wá lé wọn kúrò níkẹyìn. Ìgbì kàn jẹ́rìí sí i ni.

Irú ilẹ̀ wo ni?

Ẹ jẹ́ ká ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlà-oòrùn Zuiderzee, omi òkun ńlá tó wọ inú ilẹ̀ Nẹ́dálándì lọ, ni Schokland wà. Urk wà ní apá ìwọ̀-oòrùn àríwá rẹ̀, Kampen àti Vollenhove wà lódìkejì omi lápá ìlà-oòrùn. Àwọn ènìyàn ti ń gbé agbègbè yẹn láti nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, ìgbà tí òkun kò tíì débẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí ojú ibi tí wọ́n ti fi igi tú ilẹ̀ dáko, wọ́n rí sàréè, wọ́n rí ìkòkò.

Veen ni wọ́n ń pe ilẹ̀ ibẹ̀. Kí ni veen? Koríko, èèsún àti ewéko omi ló kú sínú omi. Nítorí pé afẹ́fẹ́ kò dé ibi tí wọ́n wà, wọn kò jẹrà tán. Ọdọọdún ni òmíràn ń kú lé e lórí, fún ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan, títí ó fi ga ní mítà mélòó kan. Bí ẹ bá gé e, ó dúdú, ó rọ̀, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bíi kànrìnkàn tí wọ́n rì sínú garawa.

Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ fẹ́ fi irú ilẹ̀ yìí dáko, kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbẹ́ kòtò tóóró tóóró, wọ́n jẹ́ kí omi ṣàn kúrò. Ó dára, ọkà hù. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tí wọn kò rí lójú ẹsẹ̀. Èkíní, bí omi ṣe jáde, ilẹ̀ súnkì. Èkejì, èyí tó burú jù, afẹ́fẹ́ wọlé, àwọn kòkòrò àìfojúrí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ náà, ohun tí wọ́n bá sì jẹ di afẹ́fẹ́ tó ń fò lọ. Ilẹ̀ oko ń gòkè lọ sójú ọ̀run, àgbẹ̀ rò pé kòtò òun ló ń dí! Ó tún gbẹ́ kòtò náà jìn sí i. Ilẹ̀ tún wálẹ̀ sí i. Ẹ rí i pé iṣẹ́ tó fún wọn lóúnjẹ gan-an ló ń rẹ ilẹ̀ wọn sílẹ̀ de òkun.

Òkun náà kò sì jìnnà. Adágún omi ló wà láàárín ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Ìjì ńlá ti 1170 àti ti 1287 wà lára àwọn tó fọ́ ilẹ̀ tó dí ẹnu ọ̀nà òkun ní àríwá, adágún di òkun oníyọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Schokland tó gbòòrò láyé ìgbà yẹn di erékùṣù, erékùṣù di ọ̀já ilẹ̀ tóóró tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, tí ìbú rẹ̀ kò ju mítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé lórí rẹ̀?

Orí òkìtì ni. Òkìtì tí wọ́n fọwọ́ mọ. Emmeloord wà ní àríwá, Middelbuurt wà láàárín, Zuidert wà nísàlẹ̀. Ìjọ Àgùdà ni àwọn ará Emmeloord. Pùròtẹ́sítáǹtì ni àwọn ará ìsàlẹ̀, tí gbogbo apá tiwọn ń jẹ́ Ens. Erékùṣù kan ṣoṣo, olúwa méjì ló sì ń jẹ lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́: ìlú Amsterdam ra àṣẹ lórí Emmeloord àti Urk lọ́dún 1660. Kí ni Amsterdam fẹ́ fi abúlé apẹja ṣe? Ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ọkọ̀ oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Zuiderzee nílò iná atọ́nà lóru, ẹni tó bá sì ni erékùṣù ló ni iná.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí òkìtì yìí, torí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n àti ìyà wọn ti pàdé. Amọ̀, ìgbẹ́ ẹran, pàǹtírí ilé àti ìdìpọ̀ veen tí wọ́n gé ni wọ́n ń tò léra. Ìgbẹ́ ẹran àti koríko máa ń dí inú amọ̀ pọ̀, amọ̀ ló sì ń dènà kí ìgbì má wẹ̀ ẹ́ lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ amọ̀ wúwo, veen abẹ́ rẹ̀ sì rọ̀. Ẹ gbé ẹrù wúwo lé ohun tó rọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Òkìtì á máa rì. Bó bá ti rì, omi á ga ju ilẹ̀kùn lọ nígbà ìjì, wọ́n á tún gbé amọ̀ mìíràn lé e. Amọ̀ tuntun fi kún ẹrù, ó tún rì. Bí àwọn awalẹ̀pìtàn bá gé òkìtì Schokland, ìpele lórí ìpele ni wọ́n ń bá, ilẹ̀ ilé àwọn baba ńlá lábẹ́ ilẹ̀ ilé àwọn ọmọ.

Àárín òkìtì sí òkìtì ńkọ́? Ẹrẹ̀ ni, omi ni. Pákó tóóró ni wọ́n tẹ́ láti abúlé kan sí ìkejì. Kò gba ẹni méjì. Bí ènìyàn méjì bá pàdé lórí rẹ̀, wọ́n ní ṣe ni wọ́n á di ara wọn mú gírígírí, wọ́n á fi ẹsẹ̀ yí ara wọn po, oníkálukú á wá kọjú síbi tó ń lọ. Ẹ wo ará Emmeloord, ọmọ ìjọ Àgùdà, tó di ará Ens mọ́ra lórí pákó nínú atẹ́gùn òtútù! Ẹ̀sìn lè yà wọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, pákó kò mọ ìyẹn.

Ẹja pípa ni iṣẹ́ wọn. Irú ọkọ̀ ìpẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní schokker títí dòní, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ará Schokland gan-an nìyẹn. Ilẹ̀ tó kù kò gba oko mọ́, màlúù díẹ̀ ló ń jẹ koríko nígbà tí omi kò bá bò ó.

Òpó igi àti kòkòrò

Ibi tí owó ti wọ̀ ọ́ rèé. Kí omi má baà jẹ etí erékùṣù tán, wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, òpó fara ti òpó, wọ́n fi igi gbọọrọ dè é mọ́ra lẹ́yìn, wọ́n wá fi òkúta àti amọ̀ kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá dé Middelbuurt lónìí á rí irú ògiri igi bẹ́ẹ̀ yí òkìtì ká.

Kí ló ń bà á jẹ́? Ọ̀nà mẹ́ta ni. Ìgbì ń gbo òpó, ó ń tú òkúta ẹ̀yìn rẹ̀. Yìnyín máa ń dì lórí Zuiderzee nígbà òtútù, bí yìnyín ọ̀hún bá fọ́ tí atẹ́gùn ń tì í, gìrìwò ló ń dé, ó ń ṣẹ́ òpó bí igi ìdáná. Ẹ̀kẹta ni kòkòrò. Lọ́dún 1731 ni wọ́n ṣàkíyèsí pé òpó igi odi omi káàkiri etíkun Nẹ́dálándì ti di òfìfo nínú. Ẹ̀dá omi oníkarahun kan ni, Teredo ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ara rẹ̀ gùn bí ekòló, ó ń fi ìkarahun kékeré tó wà lórí rẹ̀ gbẹ́ igi. Ihò tó bá wọlé kéré débi pé ojú lè má rí i. Inú ló ti ń sanra, inú ló ti ń gbẹ́ ihò gígùn. Lóde, òpó ń dán. Ìjì kan ṣoṣo, ó ṣẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Oògùn rẹ̀ ni òkúta. Nẹ́dálándì kò sì ní àpáta tó tó nǹkan. Apá kan ni wọ́n ń hú jáde nínú ilẹ̀ Drenthe, èyí tó pọ̀ ni wọ́n ń fi ọkọ̀ kó wá láti òkèèrè. Ẹ ṣírò iye tí yóò jẹ́ láti fi òkúta tí a rà yí erékùṣù ká, nítorí ènìyàn tí kò tó 1,000, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lówó ìgbọ́bùkátà. Ta ni yóò san án? Ìjọba ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń san án, ọdọọdún ni òkun sì ń jẹ ẹ́.

Láti 1825 dé 1859

Ní oṣù kejì ọdún 1825, láti ọjọ́ kẹta dé ọjọ́ karùn-ún, ìjì gbé omi Zuiderzee dìde. Ní ìpínlẹ̀ Overijssel lódìkejì, ó lé ní 300 ènìyàn tó bómi lọ. Ní Schokland, àwọn 13 ló kú, ilé wó, òpó fà tu. Ìjọba tún odi omi ṣe, wọ́n sì kọ́ ilé ìjọsìn tuntun sí Middelbuurt lọ́dún 1834. Ilé náà dúró títí dòní. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ènìyàn kò sá. Ọdún 34 gbáko ni wọ́n tún gbé níbẹ̀ lẹ́yìn ìjì yẹn! Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kì í ṣe ìgbì ló lé wọn.

Òṣì ló ń jẹ wọ́n. Wọ́n dá ilé ìhunṣọ sílẹ̀ fún wọn, pé kí àwọn tí ẹja kò bọ́ lè fi aṣọ híhun jẹun. Kò dópin ìyà. Gerrit Jan Gillot, méyọ̀ tó jẹ kẹ́yìn níbẹ̀, bá ìlú tí ilé rẹ̀ ń jẹrà tí ènìyàn inú rẹ̀ ń gbọ̀n fún òtútù. Nígbà tí ìjọba ṣírò owó, wọ́n rí i pé kíkó àwọn ènìyàn kúrò dínwó ju dídáàbò bò wọ́n lọ. Ní ìparí 1858, lábẹ́ Ọba Willem Kẹta, òfin jáde: kí wọ́n kúrò.

Nǹkan bí 650 ènìyàn lọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n fún wọn lówó gbà-máà-bínú. Wọ́n wó ilé, wọ́n kó pákó àti bíríkì sọ́kọ̀, torí pé ohun èlò ilé lówó lórí níbi tí igi kò sí. Ilé ìjọsìn ìjọ Àgùdà ti Emmeloord, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lọ́dún 1842, ni wọ́n tú palẹ̀ tí wọ́n sì lọ tún un kọ́ sí Ommen. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1859, Schokland kò jẹ́ ìlú mọ́ lójú òfin. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Kampen.

Níbo ni wọ́n gbà lọ? Ọ̀pọ̀ lọ sí Kampen, ní àdúgbò Brunnepe. Àwọn kan lọ sí Vollenhove, àwọn kan sí Urk. Nínú ọmọ ìjọ Àgùdà, àwọn kan lọ sí Volendam, níbi tí ìjọ Àgùdà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Omi ló dànù, agbè ò fọ́: àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ní ẹgbẹ́ tiwọn lónìí, wọ́n ń tọpa ìran wọn, wọ́n sì mọ ẹni tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ará Emmeloord àti ẹni tó jẹ́ ará Ens.

Erékùṣù kò ṣófo tán o. Èbúté Emmeloord wúlò fún àwọn apẹja tí ìjì bá ká mọ́ orí omi, nítorí náà wọ́n fi olùtọ́jú iná àti òṣìṣẹ́ odi omi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìdílé wọn.

Ìgbà tí òkun di oko

Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá níbí. Cornelis Lely, onímọ̀ ẹ̀rọ, ti ya àwòrán bí wọ́n ṣe lè dí Zuiderzee láti 1891. Kò sẹ́ni tó tètè dá a lóhùn àfìgbà tí omi tún ya lu ìlú ní oṣù kìíní 1916. Òfin jáde ní 1918. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1932, wọ́n dí àlàfo tó kẹ́yìn nínú Afsluitdijk, odi omi tó gùn ní kìlómítà 32. Òkun di adágún omi dídùn.

Ní 1936, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi odi yí agbègbè Schokland àti Urk ká, kí wọ́n lè gbẹ ẹ́. Keileem ni wọ́n lò, amọ̀ líle tó lókùúta wẹẹrẹ nínú. Ọkọ̀ ló ń dà á sómi. Yanrìn nìkan kò lè ṣe é, omi á wẹ̀ ẹ́ lọ. Keileem máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dà á, wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹní ńlá tí wọ́n fi ẹ̀ka igi willow hun: wọ́n á fà á lórí omi débi tí wọ́n fẹ́, wọ́n á da òkúta lé e títí yóò fi rì. Kí nìdí? Bí àlàfo odi bá ṣe ń kéré, bẹ́ẹ̀ ni omi tó ń gba ibẹ̀ kọjá ń sáré sí i, omi tó ń sáré á gbẹ́ ìsàlẹ̀ jìn, odi á sì wó sínú kòtò ara rẹ̀. Ẹní yẹn ló ń dáàbò bo ìsàlẹ̀.

Wọ́n dí i tán ní oṣù kejìlá 1940. Ibùdó pọ́ńpù mẹ́ta ló fa omi jáde: Buma nítòsí Lemmer, Smeenge nítòsí Vollenhove, Vissering ní Urk. Iná mànàmáná ni méjì àkọ́kọ́ ń lò, Vissering ń lo dísù, kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án 1942, ilẹ̀ gbẹ. Noordoostpolder nìyẹn, nǹkan bí 48,000 hẹ́kítà, ìsàlẹ̀ òkun tó di oko. Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, Jámánì ló wà lórí ilẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì sá pamọ́ sínú polder yìí, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n fi odi yí ká tí wọ́n sì gbẹ omi rẹ̀, kí wọ́n má baà kó wọn lọ síbi iṣẹ́ ní Jámánì.

Schokland ńkọ́? Erékùṣù di òkè kékeré láàárín pápá. Wọ́n fún ìlú tuntun méjì nínú polder náà ní orúkọ àtijọ́, Emmeloord àti Ens. Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń túlẹ̀, ni wọ́n ń bá ọkọ̀ tó rì, egungun ẹran ayé àtijọ́, ọkọ̀ òfurufú ogun. Nínú gbogbo polder Zuiderzee, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ti rí lé ní 400.

Ọ̀tá tuntun

Ibi tí mo ti ń bọ̀ láti àárọ̀ rèé. Ṣé ẹ rántí veen? Ṣé ẹ rántí pé bí omi bá kúrò nínú rẹ̀, á súnkì, á sì jẹrà? Ní 1942, pọ́ńpù fa omi kúrò ní gbogbo àyíká Schokland. Àgbẹ̀ polder ń gbin ànàmọ́ òyìnbó, àlùbọ́sà àti òdòdó tulip. Àwọn wọ̀nyí kò fẹ́ omi nídìí, nítorí náà omi abẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Omi oko ti wálẹ̀, ó sì ń fa omi erékùṣù tẹ̀lé ara rẹ̀. Ilẹ̀ Schokland ń rì lẹ́ẹ̀kan sí i. Igi òpó tí omi ti tọ́jú fún ọ̀rúndún mélòó kan ń jẹrà, torí pé afẹ́fẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Egungun, awọ, irúgbìn, gbogbo ohun tí awalẹ̀pìtàn ń wá, inú ilẹ̀ tútù ló ti ń pẹ́.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n dá omi padà! Lẹ́bàá erékùṣù, wọ́n yọ ilẹ̀ oko kan kúrò lábẹ́ ìtúlẹ̀, wọ́n dí àwọn kòtò tó ń fa omi lọ, wọ́n mọ ebè kékeré yí i ká kí omi òjò lè dúró, wọ́n sì jẹ́ kí omi abẹ́ ilẹ̀ ga ju ti oko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Koríko àti ẹyẹ omi ló wà níbẹ̀ báyìí. Kì í ṣe pé ó wò ó sàn. Ó ń dín eré rírì náà kù ni. Ó sì ní ìjà nínú: omi tó dára fún ogún abẹ́ ilẹ̀ ń pa ànàmọ́ aládùúgbò. Èrò tèmi ni pé kò sí bí wọ́n ṣe lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn lórí ilẹ̀ kan náà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ta oko rẹ̀ tàbí kó yí ohun tó ń gbìn padà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá dé Nẹ́dálándì, ibẹ̀ kò ṣòro dé láti Kampen. Igi tí wọ́n gbìn yí i ká ni yóò fi ibi tí etí omi wà hàn yín. Ní Middelbuurt, ẹ ó rí ilé ìjọsìn 1834 àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní Emmeloord, ẹ ó rí èbúté tí wọ́n tún ṣe, òpó rẹ̀ pé, koríko ló wà níbi tí omi wà tẹ́lẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó rí ìpìlẹ̀ ilé ìjọsìn àtijọ́ ti Ens. Ẹ wọ bàtà tó le, torí pé bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ibẹ̀ kò mọ àlejò.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún àfetísílẹ̀. Alága, bí àyè bá wà, mo ti ṣetán láti gba ìbéèrè.